Èkúté tó ní genotype SS: ohun tó fi hàn wá nípa ọpọlọ àwọn fòníkú-fọ̀ladìde

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ ìlú léèrè ohun tí genotype SS ń ṣe fún èèyàn, ìrora eegun ni ọ̀pọ̀ wọn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n á sọ nípa ojú tó pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà síni lára, àti òru tí ìyá ń gbé ọmọ sáré lọ sí ọsibítù. Ẹni tó máa dárúkọ ọpọlọ ò pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ wà lára ibi tí àrùn yìí ti máa ń ṣọṣẹ́ jù, ó sì lè ṣe é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ọmọ ò ní sunkún, kò ní ṣubú, kò sì ní sọ pé ibì kan ń dun òun.

Ọ̀kan lára ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lóye ọ̀rọ̀ yìí ni ẹranko tí a máa ń fi ìgbálẹ̀ lé kiri nínú kíṣìnì. Èkúté ni mò ń sọ. Kì í ṣe èkúté ilé lásán o. Èkúté láàbù ni, èyí tí wọ́n ti yí jíìnì rẹ̀ padà títí tí òun náà fi ní genotype bíi tèmi tìẹ: AA, AS, àbí SS. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é, ohun tí ojú èkúté náà rí, àti ìdí tó fi yẹ kó kan ọ̀dọ́ tó ń ronú àtifẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà

Jíìnì ni ìwé ìlànà tí ara ń kà kó tó mọ bó ṣe máa ṣe ohun kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé náà: A, T, G àti C. Nínú jíìnì tó ń kọ́ ara bó ṣe máa ṣe hemoglobin, ìyẹn ohun tó ń gbé atẹ́gùn ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ibì kan wà tó yẹ kí A wà. Lára ẹni tó ní S, T ló wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀.

Ẹni bá ń kọ Yorùbá á tètè lóye èyí. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya ọkọ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀. Ẹ ò fi lẹ́tà kún un, ẹ ò yọ lẹ́tà kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ọkọ ò wá ọkọ̀.

Bí hemoglobin S bá ti já atẹ́gùn tó gbé sílẹ̀, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á so pọ̀ di ọ̀pá gbọọrọ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Sẹ́ẹ̀lì tó rí roboto, tó rọ̀, á wá le, á tẹ̀ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ báyìí ò lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kọjá, á há síbẹ̀. Kì í pẹ́ láyé pẹ̀lú. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ AA ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ti SS ò ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fi tó.

Ọdún 1910 ni dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ yìí. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hemoglobin fúnra rẹ̀ ni wàhálà náà wà. Kí 1957 tó parí, Vernon Ingram ti rí ibi pàtó tó ti yí padà. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn tó dé, àwọn bàbá wa ti fún àrùn náà lórúkọ. Ẹni tó kú lónìí, tó dìde lọ́la. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú láyé àtijọ́, SS ni wọ́n.

Báwo ni èkúté ṣe di SS?

Èkúté kì í ní àrùn yìí fúnra rẹ̀. Hemoglobin tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Kódà, bí wọ́n bá kàn fi jíìnì S ti èèyàn kún ara èkúté, hemoglobin èkúté tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà tẹ̀ dáadáa. Ó gba àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí ọgbọ́n dá sí i.

Ní oṣù Kẹwàá 1997, ikọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti ṣe é. Ọ̀kan wà ní Berkeley ní California, èkejì wà ní Yunifásítì Alabama ní Birmingham, níbi tí Tim Townes ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pa jíìnì hemoglobin èkúté fúnra rẹ̀ rẹ́, wọ́n wá fi ti èèyàn rọ́pò rẹ̀. Ní 2006, ikọ̀ Townes tún gbé èyí tó dára sí i jáde. Nínú irú èkúté yìí, bí AS bá gun AS, wọ́n á bí AA, AS àti SS, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí nínú ìdílé èèyàn. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, àgò kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí ohun kan bá ṣe SS tí kò ṣe AA, jíìnì yẹn ló fà á. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé aráyé ló ń ṣe èkúté.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ara rẹ̀

Àwọn èkúté SS wọ̀nyí ò gbádùn. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò tó. Bí wọ́n bá wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ maikirosíkópù, sẹ́ẹ̀lì oní-dòjé ló kún ibẹ̀. Àpá wà lára ẹ̀dọ̀ wọn níbi tí ẹ̀jẹ̀ ò ti dé. Kíndìnrín wọn ò lè pa omi mọ́ dáadáa, bí àwọn ọmọ SS kan ṣe máa ń tọ̀ sórí ibùsùn títí wọ́n fi dàgbà, tí wọ́n ń nà wọ́n nítorí rẹ̀.

Ìrora náà ńkọ́? Èkúté ò lè sọ pé eegun ń ro òun, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti mọ̀. Ní Yunifásítì Minnesota, Kalpna Gupta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo bí èkúté ṣe ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí wọ́n bá fi okùn tín-ín-rín kàn án, bó ṣe ń ṣe lórí ohun tó tutù tàbí tó gbóná, àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lágbára tó láti di nǹkan mú. Lọ́dún 2010 ni wọ́n kéde ohun tí wọ́n rí. Ohun tí kò tó nǹkan fún èkúté AA ń dun èkúté SS gan-an. Òtútù ń bá wọn jà. Ọwọ́ wọn ò sì le bíi ti àwọn tó kù.

Ìwádìí tó tẹ̀lé e wá fi hàn pé ìrora náà kì í dúró síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti há nìkan. Ó ń dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ á di èyí tí kì í sinmi mọ́, bí agogo tó ń dún nígbà tí kò sẹ́ni tó lù ú. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ SS bá ní ara ń dun òun, tí nọ́ọ̀sì sì ní òun ò rí nǹkan kan, kì í ṣe irọ́ ló ń pa, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ràn abẹ́rẹ́.

Ó wá kan ọpọlọ

Ọpọlọ kì í lè fara da àìsí ọ́síjìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tó, tí iṣan rẹ̀ sì ń dí, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí wọ́n máa ń ṣe fún èkúté. Wọ́n á gbé ohun méjì tó jọra síwájú rẹ̀, á fi imú gbọ́ wọn títí á fi mọ̀ wọ́n. Wọ́n á mú un kúrò. Bó bá padà dé, wọ́n á ti fi ohun tuntun rọ́pò ọ̀kan. Èkúté tí iyè rẹ̀ pé á lọ síbi èyí tó jẹ́ tuntun, torí ó rántí pé òun ti rí èkejì rí. Èyí tí kò rántí á ṣe méjèèjì bákan náà.

Ikọ̀ onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí Dókítà Hyacinth Hyacinth wà lára wọn, fi irú ìdánwò yìí wo àwọn èkúté Townes. Àwọn SS ò ṣe dáadáa tó AA, bí wọ́n sì ṣe ń dàgbà ni ó ń burú sí i. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò, wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń dáàbò bo ọpọlọ ti ń bínú, ọpọlọ wà nínú ìgbóná, bí ojú egbò tí kò jinná. Kò sí èyí tó ṣubú lulẹ̀ nínú wọn. Kò sí èyí tí apá rẹ̀ rọ. Ọpọlọ wọn kàn ń jẹ díẹ̀ díẹ̀ ni.

Kí ló kan ọmọ ilé ìwé ní Ìjẹ̀ṣà?

Ó kàn án gan-an. Lára èèyàn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ pín sí méjì.

Èkíní ni rọpárọsẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní stroke. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998, tí Dókítà Kwaku Ohene-Frempong ọmọ Ghana ṣíwájú rẹ̀, nǹkan bí ọmọ SS 11 nínú 100 ló máa ní stroke kí wọ́n tó pé ogún ọdún bí wọn ò bá ṣe nǹkan kan sí i. Ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà, tí ẹnu rẹ̀ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá rẹ̀ ò ní gbé mọ́. Ní ilé wa, ibi tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ọsibítù, torí ta ló gbọ́ pé ọmọdé ń ní stroke?

Èkejì ló jọ ti èkúté. Stroke tí kò pariwo ni. Ibi kékeré nínú ọpọlọ á kú, àfi MRI ló lè rí i. Ó ju ọmọ SS mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ tó máa ní i kí wọ́n tó di ọmọ ọdún 18. Ohun tí tíṣà máa rí ni ọmọ tí kì í fọkàn sí nǹkan, tó ń gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ lánàá, tó ń lọ́ra láti dáhùn. Wọ́n á pè é ní olódo. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n á fi í sẹ́yìn kíláàsì. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí èkúté tí kò mọ ohun tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Àgbo Yorùbá dé ọ̀dọ̀ èkúté

Èyí ni ọ̀pọ̀ yín ò tíì gbọ́. Ní ọ̀rúndún tó kọjá, Iléeṣẹ́ Ìwádìí Oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, ìyẹn NIPRD, gba àgbo fòníkú-fọ̀ladìde kan láti ìdílé oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ìyẹ́rẹ́, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Wọ́n sọ ọ́ di oògùn, wọ́n pè é ní Niprisan.

Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà, ìrora sì dín kù. Àwọn onímọ̀ ní Philadelphia wá gbé e lọ sọ́dọ̀ èkúté oní-jíìnì S. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní Niprisan, wọ́n sì dín ọ́síjìn inú atẹ́gùn tí wọ́n ń mí sí kù. Àwọn tó lo oògùn náà pẹ́ láyé ju àwọn tí kò lò ó. Ọdún 2003 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ní 2006, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Xechem bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Nàìjíríà pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008, gbèsè dá iléeṣẹ́ náà wó, oògùn náà sì wọ́n lójà. Ewé wa kùnà kọ́? Rárá. Owó ló tán kí ìwádìí ńlá tó yẹ kó tẹ̀lé e tó wáyé.

Èyí kì í ṣe ìyọ̀ǹda pé kí ẹ lọ máa ra àgbo inú ike lẹ́bàá ọ̀nà o. Niprisan tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n dán wò, yàtọ̀ sí ohun tí ẹnikẹ́ni kàn sè.

Láti ara èkúté dé oògùn olówó gọbọi

Ní 2001, ikọ̀ tí Philippe Leboulch wà nínú rẹ̀ fi jíìnì hemoglobin tó dára sínú mùdùnmúdùn èkúté SS, sẹ́ẹ̀lì wọn ò tẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 2011, ikọ̀ Stuart Orkin ní Boston pa jíìnì mìíràn, BCL11A, lára èkúté SS. Iṣẹ́ jíìnì yẹn ni láti dá hemoglobin ọmọ inú oyún dúró lẹ́yìn ìbí. Hemoglobin ọmọ inú oyún kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ SS kì í fi í ṣàìsàn ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n pa BCL11A, hemoglobin yẹn padà wá, ara èkúté sì yá.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú méjì lọ́jọ́ kan náà. Lyfgenia tẹ̀lé ọ̀nà èkúté 2001, Casgevy tẹ̀lé ọ̀nà èkúté 2011. Casgevy, $2.2 mílíọ̀nù. Lyfgenia, $3.1 mílíọ̀nù. Fún èèyàn kan ṣoṣo. Ẹ fi náírà ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Èkúté kì í ṣe èèyàn

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìròyìn èkúté tàn yín jẹ. Ọlọ inú èkúté SS máa ń wú gan-an, ti ọmọ èèyàn ń sún kì títí á fi parẹ́. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ voxelotor. Ó ṣe dáadáa lára èkúté, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Pfizer kó gbogbo rẹ̀ kúrò lójà torí ewu tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lórí Facebook pé wọ́n ti rí ìwòsàn nínú èkúté, ẹ béèrè pé: lára èèyàn ńkọ́?

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa

Bí a ò ní mílíọ̀nù dọ́là, a ò ṣàìní nǹkan kan.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ TCD. Ó dà bíi scan aláboyún. Wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ, á wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ. Kò ní abẹ́rẹ́, kì í dunni. Bí ẹ bá fi ìka dí ẹnu rọ́bà omi díẹ̀, omi á máa tú jáde kíkankíkan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe bí iṣan bá ti fún. Bí ìyára rẹ̀ bá dé 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu stroke ti sún mọ́lé. Ọmọ SS láti ọdún 2 sí 16 ló yẹ kó máa ṣe é lọ́dọọdún.

Ìkejì ni ohun tí wọ́n ń ṣe bí ewu bá wà. Ní 1998, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé fífa ẹ̀jẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára déédéé ń dín stroke kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ibo la ti fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù níbí? Àwọn dókítà wa wá yíjú sí hydroxyurea, kápúsù tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, tó ń jẹ́ kí hemoglobin ọmọ inú oyún pọ̀ sí i. Ní UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìkẹ́olúwa Lagunju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2015 pé ó ń dín ìyára ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ ọmọ kù. Ní Kano àti Kaduna, wọ́n fún ọmọ 220 tí ewu stroke wà lórí wọn ní hydroxyurea, àwọn kan gba ìwọ̀n kékeré, àwọn kan gba ìwọ̀n tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 2022 fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín méjèèjì ní ti dídènà stroke. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fúnni o, torí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lò ó wò.

Ẹni tó bá wà ní Ìkéjì-Arákeji tàbí ìlú tó yí i ká, Wesley Guild ní Iléṣà ló sún mọ́ yín. Abẹ́ ọsibítù yunifásítì OAU ní Ifẹ̀ ló wà. Ẹ gbé ọmọ lọ, kí ẹ béèrè ibi tí ẹ ti lè ṣe TCD. Bí ẹ ò bá dárúkọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ fún yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́ gan-an ló kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé nǹkan bí èèyàn 24 nínú 100 ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, àti pé ọmọ tó lé ní 100,000 ni à ń bí pẹ̀lú àrùn yìí níbí lọ́dọọdún. Èyí tó túmọ̀ sí pé, ní ọgbà Yunifásítì Joseph Ayo Babalola tó wà ní Ìkéjì-Arákeji, tàbí ọgbà èyíkéyìí, bí ẹ bá rí ọ̀dọ́ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tẹ́tẹ́ tirẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, AC náà wà: AS àti AC lè bí SC, òun náà ò ṣeé fojú kéré.

Ẹ má dúró dìgbà tí pásítọ̀ tàbí ímáàmù bá ní kí ẹ mú ìwé genotype wá. Nígbà yẹn, wọ́n ti ra aṣọ ẹbí, ọkàn ò sì ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu mọ́. Ẹ ṣe é ní láàbù méjì, torí àṣìṣe máa ń wà, kí ẹ sì bi ara yín léèrè nígbà tí ìfẹ́ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp.

Èkúté ò yan ẹni tí wọ́n máa kó òun àti rẹ̀ sínú àgò kan náà. Àwa lè yàn. Ẹni tó sì ti jẹ́ SS láàárín wa, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń kàwé, tó ń rẹ́rìn-ín, kò nílò ìkáàánú yín. TCD, oògùn rẹ̀, àti tíṣà tí kò ní pè é ní olódo ló nílò.